Òwú Dúdú Lára Wáyà Fóònù

Tí ẹ bá dé Amúwo-Ọ̀dọ̀fin lọ́dún 2009, tí ẹ béèrè ẹni tó mọ wáyà fà jù, ewúrẹ́ gan-an á fi ìwo júwe ilé mi fún yín. Tàjúdéènì ni mí, ọmọ Ìwó, àmọ́ Agboju ni mò ń sùn. Síìlìn tí mo ti wọ̀ ní Festac nìkan, tí wọ́n bá tò wọ́n síwájú ara wọn, wọ́n á dé Bàdágìrì. Èkúté inú síìlìn mọ ohùn ikọ́ mi. Tí mo bá ti wúkọ́, wọ́n á sún fún mi kí n jókòó.

Ẹ̀gbọ́n Adébánjí, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Bánjí, ni ẹnjiníà. Òun ló ń gbani síṣẹ́, òun náà ló ń tẹ kọ̀ǹpútà. Àmọ́ kí á sọ òótọ́, èmi ni mo ń ṣiṣẹ́. Ohun tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà, tiẹ̀ ni. Ohun tó bá wà nínú ògiri, tèmi ni. Ẹ̀yin náà ẹ sọ èyí tó le jù níbẹ̀.

Lọ́dún yẹn, ọ́fíìsì kan tó ń báni gba ẹrù jáde ní èbúté pè wá sí Apple Junction, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ń ta táyà nísàlẹ̀ ẹ̀. Wọ́n fẹ́ fóònù tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí Ṣáínà àti Dùbáì ni wọ́n ń pè látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí tábìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀. Ọ̀gá wọn ni Ọ̀gá Ernest. Tí ọkùnrin yẹn bá fẹ́ wọ bàtà ara ẹ̀, á kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ẹlòmíì ti fẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n Bánjí gbé síkìrínì kan sínú yàrá òun, kí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù máa tan iná aláwọ̀ ewé níbẹ̀.

"Kì í ṣe pé mò ń ṣọ́ ẹnikẹ́ni o," ló wí. "Mo kàn fẹ́ máa mọ̀ ni."

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí rèé, mo máa sọ ọ́ kó yé ìyá àgbà. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń gba inú abọ́ kan tó wà lórí òrùlé wọlé. Fóònù nìkan ni wọ́n torí ẹ̀ ra abọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà wọn ní ọ̀nà tiẹ̀. Àpótí dúdú kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní sáfà, òun ni bàbá gbogbo fóònù, òun ló ń pín ìpè kiri. Láàárín abọ́ àti sáfà, àpótí kékeré kan wà tí Ẹ̀gbọ́n Bánjí ń fi òyìnbó pè. Èmi ń pè é ní géètìmáànù, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn: á wo ẹni tó ń bọ̀ láti ìta, tí kò bá mọ̀ ọ́n, á lé e padà.

"Tàjú," Ẹ̀gbọ́n Bánjí wí fún mi lọ́jọ́ tí a gbé e síbẹ̀, "ìhòhò ni sáfà yìí wà o. Tí géètìmáànù ò bá sí níwájú ẹ̀, olè ilẹ̀ òkèèrè á ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn ò mọ̀ wá rí, wọ́n kàn ń kan ilẹ̀kùn kiri ayé ni. Tí wọ́n bá wọlé, nọ́ńbà ẹni ni wọ́n á fi máa pe òkèèrè tówó ẹ̀ wọ́n, wọ́n á sì pín nínú owó ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, olè tó bá kan ilẹ̀kùn tí èmi fa wáyà ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ á rọ."

"Ẹnu ẹ ló máa kọ́kọ́ rọ. Lọ lẹ bébà mọ́ wáyà."

Bébà yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n Bánjí máa ń tẹ bébà péńpé péńpé, ó kọ orúkọ wáyà kọ̀ọ̀kan sí i, ó ní kí n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo máa ń lẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ èyí tọ́wọ́ mi bá bà ni mò ń lẹ̀ mọ́ èyí tó bá wà nítòsí, torí ìwé àti èmi, a ò bá ara wa rìn rí. Ìyá mi ní Ìwó, aránṣọ ni. Kò mọ a yàtọ̀ sí b, síbẹ̀ aṣọ igba oníbàárà lè wà nílẹ̀, kò ní gbé tẹnìkan fún ẹnìkejì láéláé. Òwú ló máa ń so mọ́ etí aṣọ, àwọ̀ kan àti iye kókó kan fún oníbàárà kan. Bí èmi náà ṣe ń ṣe wáyà nìyẹn. Òwú pupa oníkókó kan ni ti tábìlì ẹnu ọ̀nà, pupa oníkókó méjì ni ti tábìlì tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Wáyà tó ti ọ̀dọ̀ abọ́ wá, òwú dúdú ni mo so mọ́ ọn, kókó méje gbáko, torí òun ni ọba gbogbo wọn, inú géètìmáànù ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀ kó tó dé ibikíbi. Mo lè wọ òkùnkùn síìlìn kí n fi ìka mọ gbogbo wọn láìtan tọ́ọ̀ṣì, torí bí òwú àwọ̀ kan ṣe nípọn kọ́ ni ti èkejì ṣe nípọn. Ẹ̀gbọ́n Bánjí rò pé bébà òun ni mò ń kà. Mo jẹ́ kó máa rò ó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ni mo fi sínú ìrònú yẹn. Láídé ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, òun ló ń gba àlejò, òun ló ń gbé fóònù 201, òun ló sì ń mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn dání. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i ni mo ti sọ fún un pé mo jáde pólì, àní pé wọ́n bẹ̀ mí kí n dúró máa kọ́ àwọn tó kù, ni mo bá kọ̀.

"Kí ni wọ́n wá kọ́ ẹ ní pólì tó jẹ́ pé àkàbà lo ń gùn ṣáá?" ó bi mí.

"Ìwé ló pọ̀ jù lórí mi. Mo ń gùn ún kí n lè máa já a sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lókè níbẹ̀."

"Irọ́ ẹ gùn ju wáyà ẹ lọ."

A parí iṣẹ́, fóònù ń dún bí orin, a lọ. Ẹ̀gbọ́n Bánjí gba iṣẹ́ míì sí Ìbàdàn.

Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí Ọ̀gá Ernest fi pè mí. Ó ní fóònù ń dún, tí wọ́n bá gbé e, kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Kì í ṣe tábìlì kan o, gbogbo tábìlì ni, tọ̀hún á dún, ti ibí á gbà á. Mo gbéra lọ. Mo ń bá wọn ṣàwàdà lọ́wọ́ ni ti Láídé dún. Ó gbé e.

"Ẹ káàárọ̀." Ó dákẹ́. "Hẹ̀lóò." Ó gbé e sílẹ̀. "Ó ti lọ. Nọ́ńbà 100 ló gbé jáde. A ò sì ní 100 níbí."

Bọ̀dá Àdúràolúwa wà nítòsí. Òun ló ń bójú tó ìwé ẹrù, òun náà ló ń ṣáájú àdúrà àárọ̀ nínú ọ́fíìsì yẹn. Ó wo fóònù, ó wo Láídé, ó wá wo ẹsẹ̀ mi bíi pé mo gbé nǹkan wọlé lábẹ́ bàtà.

"Ohun tó ń pè wá yìí," ó wí, "kì í ṣe èèyàn."

"Ẹ má ṣèyọnu, Bọ̀dá," mo wí. "Fóònù tuntun bí ọmọ tuntun ló rí. Á sunkún díẹ̀, á dákẹ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń lọ, mo rí Ọ̀gá Ernest lójú fèrèsé, ó ń wò mí títí mo fi dé ìdí ọkọ̀. Mo rò pé bóyá mo wù ú ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ di ńlá. Àwọn tó ń ta ìpè òkèèrè fún wọn ló ránṣẹ́ pé lánàá Sọ́ńdè, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ọ̀sán, nọ́ńbà 201 pe erékùṣù kan láàárín òkun níbì kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ìgbà ọgọ́rin ó lé mẹ́ta. Gbogbo ìpè oṣù náà ló ti tán, wọ́n sì ní láti ra òmíì. Ẹ̀gbọ́n Bánjí sáré bọ̀ láti Ìbàdàn, ó jókòó sí yàrá Ọ̀gá, ó ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀ lórí itan, ó sì wo ohun tí sáfà kọ sílẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn ẹ̀. Kò tiẹ̀ dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹnjiníà kì í fẹ́ kí eruku ba aṣọ.

"Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó lè gba ìta wọlé," ó wí. "Géètìmáànù wà níbẹ̀. Ẹni tó pe ìlú yẹn mọ pásíwọ́ọ̀dù 201, ó sì lò ó bó ṣe yẹ. Ará ilé ni."

Ọ̀gá Ernest mi orí bí ẹni tó ti ń retí ẹ̀ tipẹ́. "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀." Ó pe Láídé wọlé.

Wọ́n ò jẹ́ kó jókòó. Ọ̀gá ka nǹkan mẹ́ta sí i lọ́rùn. Òun ló ní kọ́kọ́rọ́. Àfẹ́sọ́nà ẹ̀ wà ní Malaysia, gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀. Ìkẹta ló sì dùn ún jù: ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ, kò sì rí Láídé níbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

"Malaysia kọ́ ni wọ́n pè, sà. Erékùṣù ni wọ́n pè."

"Erékùṣù ọ̀hún, ta ló mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀?"

"Èmi ò mọ̀, sà."

"Ibo lo wà lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

Ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n Bánjí wo ilẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, èmi náà fura sí i. Ọmọbìnrin tí ẹnu ẹ̀ máa ń mú bí abẹ, kí ló dé tó dákẹ́?

Ọ̀gá ní tó bá fi di ọjọ́ Jímọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí kò sọ òótọ́, òun á fún un ní lẹ́tà. Lẹ́tà yẹn ò ní dúró lọ́wọ́ ẹ̀ nìkan. Òun á fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń gba ẹrù, láti Apple Junction títí dé Àpápá, pé olè ni. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ní iṣẹ́ ẹrù gbígbà, ó tán nìyẹn. Kódà ẹni tó ń ta gúgúrú lẹ́nu géètì èbúté ò ní gbà á síṣẹ́. Láídé sì ni òpó ilé wọn. Ìyá ẹ̀ ò lè rìn dáadáa mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ẹ̀gbọ́n Bánjí fi fóònù pè mí. Ó ní kí n lọ yọ fóònù 201 lórí tábìlì, kí n yọ wáyà ẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí n di fóònù náà sínú páálí, kí n gbé e fún Ọ̀gá. Mo kírun tán ni mo lọ. Láídé wà lórí ìjókòó ẹ̀, ó ti kó ife ẹ̀ àti bàtà pẹlẹbẹ ẹ̀ sínú báàgì.

"Ìwọ ni wọ́n rán," ó wí.

"Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ mi tutù ni."

"Ẹ̀rín ò pa mí, Tàjú."

Mo tú wáyà ìdí fóònù ẹ̀, mo ń dì í sínú páálí. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Sọ ibi tó o wà fún wọn. Tí kì í bá ṣe ibi burúkú."

Ó wo ẹ̀yìn. "Tí mo bá sọ ọ́, o lè pa ẹnu mọ́?"

"Ẹnu mi? Irin lò ń wò yìí."

"Ìjọ aláṣọ funfun ni mo wà, ní Agboju níbẹ̀. Màmá mi fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún ẹsẹ̀ òun. Mo wọ sùtánà, mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀. Tí Bọ̀dá Àdúràolúwa bá gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ á ti kúrò ní ti fóònù. Wọ́n á ní wọ́n ti mọ ibi tí ẹni tó ń pè ti ń wá."

"Àwọn tó rí ẹ níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ọgọ́rùn-ún méjì èèyàn ló rí mi. Èwo nínú wọn ni mo fẹ́ mú wá síwájú Ọ̀gá, pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn?"

Mo di páálí náà pa.

Mo lọ sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù láti yọ wáyà ẹ̀. Mo na ọwọ́ wọlé, mo ń wá òwú pupa oníkókó kan. Kò sí. Mo wá oníkókó méjì. Kò sí. Mo yọ tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wáyà wà lórí ìlà, wọ́n mọ́, wọ́n ń dán, wọ́n jọ ara wọn bí ejò ọmọ ìyá kan. Òwú kan ṣoṣo ò sí lára wọn. Bébà nìkan ló kù.

"Kí lò ń wá?"

Bọ̀dá Àdúràolúwa ló dúró lẹ́yìn mi.

"Wáyà Láídé ni, Bọ̀dá."

"Ṣebí wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀. Àbí nǹkan míì lò ń wá?" Ó sún mọ́ mi. "Àbí òwú?"

Mo ní, "Òwú wo?"

"Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yìí lọ́jọ́ kẹta tí ẹ lọ. Kí ni mo rí? Òwú, pupa, funfun, dúdú. Dúdú yẹn, kókó méje, Tàjú. Àrokò ẹnìkan ni, oògùn ni wọ́n so mọ́ ọn. Mo tú gbogbo wáyà, mo gbàdúrà lé wọn lórí, mo gé òwú, mo sun ún lẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn náà mo ki wáyà padà bí bébà ara wọn ṣe wí. Mo kàwé o, èmi ò ṣe é ní jákujàku. Fóònù ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀."

"Ẹ sì sọ fún Ọ̀gá?"

"Ọ̀gá ló ní kí n má sọ ọ́ síta, kí ẹni tó so ó lè fara hàn. Láti ọjọ́ yẹn ni ohun tó wà nídìí ẹ̀ ti ń bínú, tó ń pe fóònù kiri. A ti ń ṣọ́ gbogbo yín. Láídé ló kọ́kọ́ fara hàn." Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Àmọ́ mi ò tíì pa ojú dé."

Ó lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí géètìmáànù. Iná ẹ̀ kan ń tàn, iná tó ń fi hàn pé ó wà láàyè. Àmọ́ àwọn iná kéékèèké tó máa ń ṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ bá ń kọjá nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti kú. Ihò ẹ̀ ṣófo. Mo tẹ̀ lé wáyà tó ti ọ̀dọ̀ abọ́ sọ̀kalẹ̀ láti òkè síìlìn, mo fi ọwọ́ gbá a mú, kò yà síbì kan, inú sáfà ló wọ̀ tààrà. Bébà kan wà lára ẹ̀. Mi ò lè kà á, àmọ́ mo mọ ẹni tó lẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló júwe sáfà fún Bọ̀dá. Géètìmáànù ń gba ìsinmi látọjọ́ yẹn, sáfà sì wà níta gbangba ní ìhòhò, bí Ẹ̀gbọ́n Bánjí ṣe wí.

Mo jókòó lórí páálí. Tí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo so òwú, wọ́n á ní èmi ni mo ní àrokò. Tí mo bá ní èmi kì í ṣe elégbòogi, wọ́n á béèrè kí ni mo wá fi òwú ṣe. Tí mo bá sọ ìyẹn, Láídé á mọ̀ pé pólì kankan ò rí mi rí, Ẹ̀gbọ́n Bánjí á sì mọ̀ pé gbogbo bébà òun láti ọdún méjì, ní gbogbo ọ́fíìsì Festac, bó ṣe wù mí ni mo ṣe ń lẹ̀ wọ́n. Tí mo bá sì dákẹ́, aago mẹ́rin á lù. Aago mẹ́ta ti kọjá.

Mo gbé páálí fóònù, mo lọ sí yàrá Ọ̀gá. Mo pinnu pé mo máa gbé e sílẹ̀, kí n sì máa lọ. Òótọ́ ni mò ń sọ fún yín.

Lẹ́tà wà lórí tábìlì Ọ̀gá, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Mo gbé páálí lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ojú mi sì bọ́ sórí síkìrínì. Iná aláwọ̀ ewé kan ń tàn lókè pátápátá. Ibẹ̀ gan-an ló máa ń tàn tí Láídé bá ń sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ìwọ náà kà á."

Mo yọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Láídé, jọ̀ọ́ wá bá mi ka nǹkan kan."

Ó wọlé, Bọ̀dá Àdúràolúwa tẹ̀ lé e bí òjìji. Láídé wo síkìrínì, ó dúró, ó tún wò ó. "201 ni wọ́n kọ," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Wọ́n ní 201 ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú kẹtàlá rèé."

"Fóònù 201 dà?" mo bi wọ́n. Mo ṣí páálí. Ó wà níbẹ̀, ó sùn bí òkú adìẹ, wáyà kankan ò sí nídìí ẹ̀.

Ọ̀gá Ernest dìde. Ó wo páálí, ó wo síkìrínì, ó wo ọwọ́ Láídé, bíi pé ó lè ti fi òmíì pamọ́ sábẹ́ èékánná. Ìgbà tó pẹ́ ló tó yíjú sí mi.

"Ìwọ tí gbogbo ọ́fíìsì ń sọ pé o jáde pólì," ó wí, "o ò lè ka 201 fúnra ẹ?"

Ibẹ̀ ló dé.

"Mi ò jáde pólì kankan, sà. Mi ò parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo so òwú."

Bọ̀dá Àdúràolúwa sún sẹ́yìn. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, ìyá mi, etí aṣọ, kókó méje, bébà tí mo lẹ̀ bó ṣe wù mí, géètìmáànù tó ṣófo. Mi ò wo Láídé. Ojú mi wà lórí fóònù inú páálí.

"Ta ló rán ẹ?" Ọ̀gá wí.

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi, sà."

"Gbogbo ẹni tí wọ́n rán ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ fún mi ní òwú, sà. Ẹ dì mí lójú."

Láídé ló fà á yọ lára ìṣẹ́tí ìborùn ẹ̀. Ó so òwú mẹ́rin mọ́ bírò mẹ́rin, kókó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sọ fún mi ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, ó fi ìborùn náà dì mí lójú, ó pò wọ́n pọ̀. Mo fi ìka gbà wọ́n: Ọ̀gá, Láídé, Bọ̀dá, abọ́. Ó tún pò wọ́n. Mo tún mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá fún mi ní igba, mo máa mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní gbà mí gbọ́ àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

"Oníṣègùn náà lè dijú," Bọ̀dá Àdúràolúwa wí, àmọ́ ohùn ẹ̀ ti fẹ́lẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ dúró ti síkìrínì. Ẹ má gbé ojú kúrò. Mo fẹ́ gbé wáyà kan kúrò níbì kan lọ síbì kan. Tó bá jẹ́ àrokò ni, iná yẹn á ṣì wà."

Mo lọ sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Bọ̀dá tẹ̀ lé mi kó lè ṣọ́ ọwọ́ mi. Mo yọ wáyà abọ́ kúrò nínú sáfà. Láti inú yàrá ni mo ti gbọ́ ohùn Ọ̀gá.

"Ó ti kú."

Mo ki wáyà abọ́ sínú géètìmáànù, mo wá fa òmíì láti ara géètìmáànù lọ sí sáfà. Ojú ẹ̀ ṣí, àwọn iná kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wéréwéré. Àwọn olè tó ń kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń mú kí fóònù máa dún lásán, pọ̀ níta. A dúró. Fóònù kankan ò dún. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, wọn ò rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò dún rí. Àní mo gbọ́ ohùn àwọn oní táyà nísàlẹ̀.

Ọ̀gá pe Ẹ̀gbọ́n Bánjí, ó sì ṣí ohùn síta kí gbogbo wa gbọ́. "Pásíwọ́ọ̀dù 201, kí ni?"

Ẹ̀gbọ́n Bánjí rẹ ohùn sílẹ̀.

"201 náà ni, sà."

"Ti èmi ńkọ́?"

"Nọ́ńbà yín náà ni, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe èyí tí ẹ ò ní gbàgbé."

Ọ̀gá pa fóònù. Ó jókòó. Láídé ló ṣì ń wò. "Síbẹ̀ náà, o ò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mo wà nílé Ọlọ́run, sà."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀, sà."

Kò sẹ́ni tó bi í mọ́. Aago mẹ́rin ti kọjá. Ọ̀gá ti lẹ́tà náà sí i lórí tábìlì. "Gbà, ya á fúnra ẹ. Iṣẹ́ ẹ wà níbẹ̀."

Láídé gbé e. Ó kà á látòkè dé ìsàlẹ̀, kò kánjú, a dúró tì í bí ọmọ iléèwé. Ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sínú báàgì ẹ̀.

"Mo ní kí o ya á," Ọ̀gá wí.

"Mo gbọ́, sà. Mo fẹ́ fi pamọ́ ni."

Ó lọ síbi tábìlì ẹ̀. Mo gbé páálí tẹ̀ lé e, mo dá fóònù ẹ̀ padà, mo so wáyà ẹ̀. Mo ń retí kó fi mí ṣẹ̀fẹ̀, àní mo ti ní èsì mẹ́rìnlá lẹ́nu. Ó gbé fóònù náà sétí, ó gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́, ó gbé e sílẹ̀.

"Tó bá di Mọ́ńdè," ó wí, "mo máa mú ìwé kan wá. Ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A máa bẹ̀rẹ̀ láti a."

"Àwa wo?"

"Èmi àti ìwọ, Tàjú. Má lọ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwọ lò ń kọ́ mi o."

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun ló ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì bó ṣe máa ń ṣe. Àmọ́ ó ti gbé tábìlì ẹ̀ kúrò níbi tó wà, ó ti ẹ̀yìn ìjókòó mọ́ ògiri, bó ṣe jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá mọ́. Ọ̀gá Ernest wọlé, ó kí i. Ó dáhùn. Láídé sì ń wo bàtà Ọ̀gá títí ọkùnrin náà fi wọ yàrá ẹ̀.